Aṣọ Ibùsùn Tí Wòsílátù Yàn fún Orogún Rẹ̀

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ka ìwé yìí, èyí tó bá ní orogún nínú yín, kó fìdí mọ́lẹ̀ ká jọ sọ ọ́. Èyí tí kò ní, kó má tíì fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ṣáájú pé Wòsílátù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo ní kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀, inú á bí yín sí i, bó ṣe bí èmi náà nígbà tó ń rò ó fún mi, tó ń fi etí ìbòrùn nu ojú. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síta. Ó ní bóyá obìnrin kan á tibẹ̀ gbọ́n.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti Jàfárù ọkọ rẹ̀. Niamey ni wọ́n ń gbé, láwọn ọdún tí ilẹ̀ Niger ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tí àwọn Faransé ń kó ẹrù wọn lọ sílé díẹ̀díẹ̀. Jàfárù ń ta abọ́ tánganran. Wòsílátù ní ìsọ̀ aṣọ ní ọjà Petit Marché, aṣọ ibùsùn ló sì pọ̀ jù nínú ọjà rẹ̀.

Ooru Niamey kì í ṣe irú tiwa. Nígbà tí òjò kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, oòrùn á wọ̀ tán, ògiri á ṣì máa gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn aládùúgbò wọn tó jẹ́ Zarma á gbé ibùsùn síta gbangba, wọ́n á sùn. Jàfárù ní òun ò lè jẹ́ kí obìnrin òun sùn lójú àwọn ayálégbé, nítorí náà inú yàrá ni wọ́n ń há mọ́. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni ooru ń bá jà jù. Bí aṣọ tó sùn lé kò bá dára, á yí síbí, á yí sọ́hùn-ún, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, kò ní ṣeé bá sọ̀rọ̀.

Wòsílátù ló yọ ọ́ nínú ìyà yẹn. Ọkùnrin Zarma kan wà tó ń jẹ́ Boubacar, tó ń dáná fún ìdílé Faransé kan. Òun ló ń kó aṣọ ibùsùn táwọn ọ̀gá rẹ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn fẹ́ tà wá sí ìsọ̀. Á dé, á kí i ní "Fofo" bíi ti Zarma, á ní, "Màdáámù, drap rèé," ìyẹn aṣọ ibùsùn lédè Faransé, á sọ ẹrù kalẹ̀. Òwú gidi ni, funfun, wọ́n ti fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ títí ó fi rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́.

Wòsílátù kì í wo dídán aṣọ. Á gbé etí aṣọ sẹ́nu, á fi àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí atẹ́gùn bá kan ọwọ́ rẹ̀, á jẹ́ pé aṣọ náà dára fún ẹni tí ooru ń mú. Bí kò bá kàn án, á tà á fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe aṣọ fèrèsé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń gbà yan aṣọ nìyẹn, kò sì ṣìnà rí.

Ó wá lókìkí débi pé kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Rùkáyàt, ìyàwó Àlùfáà Àbdùlkàdírì, ará Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ládùúgbò wọn, wá sí ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, ó mú náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ osùn kan tó ti Kano wá. Ó ń dán yinrinyinrin. Wòsílátù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Sùlù, ẹ fi sílẹ̀."

"Kí ló ṣe é? Ó wù mí."

"Ẹ fẹ́ ẹ wò. Ẹ fọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ṣé nǹkan kan kàn yín lọ́wọ́? Afẹ́fẹ́ kì í gba inú rẹ̀. Òógùn tí Àlùfáà bá là, orí rẹ̀ ló máa dúró sí, bí ìgbà téèyàn sùn sínú abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ má fi owó yín ra ìyà sílé."

Rùkáyàt rẹ́rìn-ín títí. Òwú ló rà lọ, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ náà kiri fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn kí Jàfárù tó lọ sílé lọ kí àwọn ẹbí, tó padà dé pẹ̀lú ojú ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

"Ìyá Zubaidat," ó ní, "wọ́n fún mi níyàwó nílé. Mi ò lè kọ̀ fún wọn."

Wòsílátù ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ wá." Ẹnu ló fi sọ ọ́. Ó wọ yàrá, ó jókòó sórí ibùsùn tí òun fúnra rẹ̀ tẹ́, ó ń fọwọ́ pa aṣọ náà, ó ń rò ó pé ẹlòmíì ni ọkọ òun yóò máa sùn tì báyìí. Owú jẹ ẹ́ débi pé kò jáde wá jẹun alẹ́.

Ní agboolé àwọn Jàfárù ní Ògbómọ̀ṣọ́, àṣà kan wà. Ìyálé ló ń tẹ́ ibùsùn ìyàwó tuntun, aṣọ tó bá sì yàn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ àfi òun, títí ìyàwó yóò fi bímọ. Wọ́n á máa fọ̀ ọ́, wọ́n á máa dá a padà sórí ibùsùn. Wọ́n ní àmì pé ìyálé ti gba ìyàwó mọ́ra ni. Kò sí ìyàwó tó jẹ́ gbójú gbóyà ká a kúrò.

Jàfárù bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí ìyàwó dé.

"Ìwọ lo mọ aṣọ nínú ilé yìí. O sì mọ bí ara mi ṣe rí. Irú èyí tó wà lórí ibùsùn rẹ ni kó o yàn fún un. Mi ò ní wò ó, mi ò sì ní béèrè. Àmánà ni mo fi lé ọ lọ́wọ́, mo fọkàn tán ọ."

Ẹ gbọ́ bí ọkùnrin ṣe ń sọ̀rọ̀. Kó ní kí obìnrin fọwọ́ ara rẹ̀ yan aṣọ tí òun àti ẹlòmíì yóò jọ sùn lé, kó sì rò pé ohun kékeré lòun béèrè.

Wòsílátù ṣí àpótí ọjà rẹ̀. Aṣọ Faransé tó rọ̀ wà lókè. Ó gbé e, ó tún fi í sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé, "Ta ló ń fi àlòkù tẹ́ ibùsùn ìyàwó tuntun? Àwọn ẹbí ọmọ náà á ní a fi ọmọ wọn wọ́lẹ̀." Òótọ́ sì ni. Kò sí ilé Yorùbá kan tí wọ́n á ti gbọ́ irú rẹ̀ tí wọn ò ní bínú. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nìyẹn, pé bí wọ́n bá tiẹ̀ bi í, ó ní èsì gidi lẹ́nu.

Náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ osùn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òwú tuntun tí kò tíì kan omi wà nísàlẹ̀ àpótí. Ó rí i. Ó fọwọ́ kàn án pàápàá. Ó mú náílọ́ọ̀nù, ó sì pa àpótí dé.

Ó sọ fún mi pé òun ò tiẹ̀ ronú kan ibi tó le. Òun kàn fẹ́ kí ọkọ òun mọ ìyàtọ̀ ni.

Kúbúrátù dé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rù ìlú àjèjì. Ó kúnlẹ̀ kí ìyálé rẹ̀, wọ́n mú un wọ yàrá, ó rí ibùsùn tó ń dán, ó sì gbá ẹnu mú.

"Ẹ ṣé o, ìyálé mi. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Bí mo bá ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi, kò ní gbà pé ìyálé ló tẹ́ ẹ fún mi."

Àánú rẹ̀ ṣe Wòsílátù díẹ̀. Bóyá ì bá ti yí aṣọ náà padà lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jáde, Kúbúrátù sọ nǹkan kan fún Jàfárù, Jàfárù sì bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí Wòsílátù kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí Zubaidat. Àánú fò lọ. Ó gba yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Jàfárù jáde sí àgbàlá pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ẹ̀wù rẹ̀ rin gbingbin.

"Ẹ ò sùn ni, Bàbá Zubaidat?" Wòsílátù béèrè, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Wàláì, zafi yìí, ooru yìí, fẹ́ pa mí."

Nígbà tó kan yàrá Wòsílátù, Jàfárù sùn bí òkúta, àfi bí wọ́n ṣe jí i fún ìrun Àsùbáà. Wòsílátù kò jí i jẹ́ẹ́jẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbóhùn sókè kí yàrá kejì lè gbọ́: "Bàbá Zubaidat, ẹ dìde o, oorun yìí mà pọ̀." Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá kàn án. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí fún un.

Ẹ lè bi mí pé ṣé Jàfárù kò ní ojú ni. Ó ní. Ṣùgbọ́n Wòsílátù ló yan aṣọ, gbogbo Niamey ló sì mọ̀ pé Wòsílátù kì í ṣi aṣọ yàn. Bí kò bá wá jẹ́ aṣọ ló ń fa ooru, kí ló tún kù? Ìyàwó ló kù. Ara ọmọbìnrin náà ni wọ́n di ẹ̀bi rù.

Kúbúrátù fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ooru ti sú bo ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń họ ọ́ títí ó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wá bá ìyálé rẹ̀ nídìí ààrò, ó kúnlẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ara mi ń rùn ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti sún mọ́ mi báyìí, á ní ooru ti dé. Mo wẹ̀ wẹ̀ wẹ̀, omi inú àmù tán. Ó máa ń dìde lọ jókòó sórí àpótí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kí ni kí n ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Wòsílátù. Ká aṣọ yẹn kúrò, ká fi òwú síbẹ̀, ó parí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọmọ náà, ó rí i pé ó rẹwà, pé ẹkún kò tiẹ̀ ba ẹwà rẹ̀ jẹ́, inú rẹ̀ sì tún le.

"Ara ẹlòmíì ló máa ń gbóná bẹ́ẹ̀," ó ní. "Máa mu omi tútù."

Kúbúrátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi tútù.

Ọ̀rọ̀ náà ń gbóná sí i. Jàfárù di oníkanra. Ó ń fi ìkanra mú àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ń fọ́ abọ́, ó ń kọ oúnjẹ Kúbúrátù. Àwọn obìnrin agboolé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìyàwó Jàfárù kò dá wá láti ilé, pé nǹkan kan tẹ̀ lé e. Wòsílátù gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì fèsì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, Jàfárù wá bá a ní ìsọ̀. Ó jókòó sórí ẹrù aṣọ.

"Ìyá Zubaidat, mò ń rò ó pé kí n dá ọmọ yìí padà sílé."

Ohun tí Wòsílátù ń fẹ́ ní kọ̀rọ̀ rèé, wọ́n gbé e ka iwájú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á, torí ó mọ ohun tó ń dúró de ọmọbìnrin tí ọkọ dá padà pé ara rẹ̀ kò dára. Ta ni yóò tún fẹ́ ẹ?

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀ yín?" ó béèrè.

"Kò ṣẹ̀ mí. Ìwà rẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ yàrá yẹn, bí ẹni wọ iná ni. Bóyá àlùjànnú kan ló bá a wá. Kí ni ìwọ rò?"

Ẹ wò ó, ààyè ṣí sílẹ̀ fún un níbẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ni, kò sí ẹlẹ́rìí, ì bá kàn sọ pé òun ṣi aṣọ yàn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ọmọ náà lọ, ó tún fẹ́ kí wọ́n máa yin òun pé ìyálé rere lòun.

"Ẹ má kánjú," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí Àlùfáà Àbdùlkàdírì wá ṣàdúrà sí yàrá náà ná. Bí kò bá yí padà, a jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run fẹ́ ẹ."

Jàfárù wò ó tìfẹ́tìfẹ́. "Ọlọ́run á san án fún ọ, Wàláì. Obìnrin mélòó ló lè sọ irú èyí fún orogún rẹ̀?"

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ kejì, Àlùfáà dé, Rùkáyàt ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, torí kò yẹ kí ọkùnrin nìkan wọ yàrá ìyàwó oníyàwó. Àlùfáà jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, Jàfárù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké kéú. Wòsílátù dúró síwájú ògiri, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà bí ẹni rere.

Rùkáyàt wọlé lọ bá Kúbúrátù, ó jókòó tì í lórí ibùsùn, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó gbọ́wọ́ lé aṣọ láti fi ara tì, ó sì wo ọwọ́ rẹ̀ tí òógùn ti bò. Ó tún gbé e lé e. Ó dìde.

Ó fa etí aṣọ náà yọ lábẹ́ ibùsùn. Ó gbé e sẹ́nu, ó fi àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ ẹ. Ó tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ibi tí Wòsílátù dúró sí, ó ń wò ó.

"Ìyàwó," Rùkáyàt ní, "ta ló ra aṣọ yìí fún ọ?"

"Ìyálé mi ni. Òun ló yàn án, òun ló tẹ́ ẹ. Aṣọ tó dára jù nínú ọjà wọn ni."

"Ìyá Zubaidat ló tẹ́ èyí fún ọ láti sùn lé? Nínú ooru yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kí ló dé?"

Rùkáyàt jáde sí ẹnu ọ̀nà. "Àlùfáà, ẹ dúró ná. Kò sí àlùjànnú níbí."

Kéú dáwọ́ dúró. Rùkáyàt kò pariwo. Ó rò ó bó ṣe rí, pé aṣọ yìí gan-an ni òun fẹ́ rà ní Petit Marché, pé Ìyá Zubaidat gbà á lọ́wọ́ òun, pé ó ní ẹni tó bá sùn lé e yóò dà bí ẹni sùn sínú abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná. Ọ̀rọ̀ tó pa òun lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó tún un sọ, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Jàfárù yíjú padà. Kò pè é ní Ìyá Zubaidat.

"Wòsílátù, ṣé o mọ̀?"

Ó rántí èsì rẹ̀. "Bàbá Zubaidat, àlòkù lèyí tí ẹ̀yin ń sùn lé. Ṣé kí n wá fi aṣọ tí Faransé ti lò tẹ́ ibùsùn ìyàwó tuntun ni? Kí ni àwọn ẹbí rẹ̀ á sọ?"

Fún ìṣẹ́jú kan, ó dà bí ẹni pé èsì náà fẹ́ wọlé. Àlùfáà tiẹ̀ ti ń mi orí bí ẹni tó gbà.

"Òótọ́ lẹ sọ," Rùkáyàt ní. "Ṣùgbọ́n òwú tuntun lẹ tà fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ó tán lọ́jà yín ni?"

Wòsílátù wolẹ̀, gbogbo àwọn obìnrin agboolé sì ti jáde sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn.

Kúbúrátù ti dìde sẹ́nu ọ̀nà. Wòsílátù ń retí kó ṣépè. Ì bá dára fún un bó bá ṣépè.

"Ẹ ní kí n máa mu omi tútù," ọmọ náà ní.

Nítorí àṣà ilé wọn, òun náà ni Jàfárù ní kó lọ ká aṣọ náà kúrò. Ó ká a lójú gbogbo wọn. Ó lọ mú òwú tuntun wá látinú àpótí, ó tẹ́ ẹ, Rùkáyàt sì bá a na etí kan. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Jàfárù sùn ní yàrá Kúbúrátù, kò sì jí títí ládàní fi pèrun.

Jàfárù kò kọ Wòsílátù. Kò nà án, kò sọ ọ́ níta, kò dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Wòsílátù bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọ̀rọ̀ náà ti ń rọlẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó fọ aṣọ Faransé tó rọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sá a, ó tẹ́ ẹ, ó wẹ̀, ó jókòó de ọkọ rẹ̀.

Jàfárù wọlé. Ó gbé aṣọ kan sí abíyá. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ rà á lọ́jà, lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ó ta á lé orí èyí tí Wòsílátù tẹ́, ó dùbúlẹ̀ lé e.

Ọkùnrin tó ń ta abọ́ kò mọ aṣọ. Èyí tó rà ki, ó le, ẹ̀kọ tí wọ́n fi mú un le kò tíì kúrò lára rẹ̀. Wòsílátù kò ní láti fẹ́ ẹ kó tó mọ̀. Jàfárù ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún, òógùn ń dà lára rẹ̀, kò sì sún kúrò lórí aṣọ rẹ̀.

Láàárọ̀, ó ń ká a pọ̀. Wòsílátù kúnlẹ̀.

"Bàbá Zubaidat, aṣọ yẹn ò dáa fún yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá èyí tó rọ̀."

Jàfárù kò bínú. Ó ní, "O ṣé," ó gbé aṣọ náà sí abíyá, ó jáde. Nígbà tó tún kan yàrá Wòsílátù, aṣọ kan náà ló gbé wá.